ORÍ TÍ Ó RÒ Ó, ỌWỌ́ TÍ Ó RỌ Ọ́: TA NI Ó NI IṢẸ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Òtítọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò sọ. Kò sọ fún ni bóyá alágbẹ̀dẹ náà fúnra rẹ̀ ni ó ro ohun tí ó fẹ́ fà yọ, tàbí ẹlòmíràn ni ó rò ó tí ó sì gbé e wá bá a. Àgbẹ̀ lè ro irú ọkọ́ tuntun kan tí yóò bá ilẹ̀ oko rẹ̀ mu, kí ó gbé ìrònú náà lọ sí àgbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ a fi iná, ẹ̀mú àti ọmọ-owú sọ ìrònú náà di irin. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó jókòó ti ẹwìrì a sì máa fín iná títí irin yóò fi pọ́n fòò. Bí ọkọ́ náà bá délé, tí ó sì mú ilẹ̀ dáradára, ta ni kí á yìn pé òun ni ó ṣe é? Kì í ṣe ẹni tí ó ni ọkọ́ ni a ń bèèrè, nítorí ẹni tí ó san owó ni ó ni ọkọ́. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ ni a ń bèèrè.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àgbẹ̀dẹ nìkan. Ó wà níbi tí ọ̀gá ti ń fọwọ́ sí ìwé tí akọ̀wé kọ. Ó wà níbi tí ẹni tí ó ya àwòrán ilé ti ń gba ìyìn lórí ilé tí bíríkìlà mọ. Ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, níbi tí a ti ń kọ́ ọmọdé pé lágbájá ni ó ṣe nǹkan báyìí, tí a sì ń fún un ní máàkì bí ó bá lè kọ orúkọ lágbájá náà sílẹ̀ láìsí àṣìṣe.

Láti wọn ọ̀rọ̀ náà wò, ó yẹ kí a mú iṣẹ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, tí a sì mọ àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ lórúkọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí ó gbé ọkọ̀ òfurufú àwọn Wright kúrò nílẹ̀ ní ọdún 1903. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ni a ti ṣe é. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ kan ni, níbi tí ènìyàn mẹ́ta ti ń fi ọwọ́ ara wọn gé irin, tí wọ́n sì ń fá a.

Ṣọ́ọ̀bù Kẹ̀kẹ́ ní Dayton

Ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni Wilbur Wright, tí a bí ní 1867, àti Orville àbúrò rẹ̀, tí a bí ní 1871, ń gbé. Bíṣọ́ọ̀bù ni baba wọn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò lọ sí yunifásítì. Ní 1892 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ó di 1896, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni wọ́n ń tà. Ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn kò pọ̀. Ọ̀kan ń yí irin bírí kí a lè fá a. Ọ̀kan wà fún dídá irin lu. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí ń fi gáàsì ṣiṣẹ́, tí àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò náà fúnra wọn ṣe, ni ó sì ń fi bẹ́líìtì yí àwọn yòókù.

Ní 1901 ni wọ́n gba ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Charles Taylor, ẹni tí a bí ní 1868, sí iṣẹ́ ní dọ́là 18 lọ́sẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà á fún ni pé kí ó máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n bá lọ sí etí òkun North Carolina láti lọ dán ọkọ̀ òfurufú wọn wò, èyí tí kò ì ní ẹ́ńjìnnì nígbà náà, tí afẹ́fẹ́ nìkan ń gbé. Nígbà tí ọkọ̀ ti 1902 fò dáradára, ó ku kí wọ́n wá ẹ́ńjìnnì fún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà wọ́n kọ ìwé sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì, pé wọ́n ń fẹ́ èyí tí yóò ní agbára ẹṣin mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, tí ìwúwo rẹ̀ kò sì ní ju 180 pọ́n-ùn lọ. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó lè fún wọn ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Nígbà tí ọjà kò ní in, wọ́n pinnu láti ṣe é fúnra wọn.

Ta ni yóò ṣe é? Taylor ni. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì oní-bẹntiróòlù kan ṣoṣo ni ó ti fọwọ́ kàn rí, ti mọ́tò kan tí ó gbìyànjú láti tún ṣe ní 1901. Wọn kò ya àwòrán ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fa ìlà ẹ̀yà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí àjákù ìwé. Taylor yóò kan àjákù náà mọ́ ògiri lókè tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kọjú sí irin.

Iṣẹ́ tí ó le jù ni ọ̀pá oníkọ́rọkọ̀rọ tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kiránkì. Òun ni ó ń sọ lílọ-bíbọ̀ àwọn písítìnì di yíyí. Taylor mú odindi irin líle kan tí ó wúwo tó nǹkan bí 100 pọ́n-ùn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹsì 31. Ó fa ìlà kiránkì náà sí ara rẹ̀, ó sì dá ihò lu sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn tẹ̀lé ìlà náà títí ó fi yí i ká. Lẹ́yìn náà ni ó fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú gbá èyí tí kò wúlò kúrò, tí ó sì gbé ìyókù sórí ẹ̀rọ tí ń yí irin láti fá a dán. Nígbà tí ó parí, 19 pọ́n-ùn péré ni ó kù nínú irin náà.

Àpótí tí ó gbé gbogbo ẹ́ńjìnnì ró jẹ́ alumíníọ̀mù tí a pò mọ́ bàbà díẹ̀, kí ó lè le kí ó sì fúyẹ́; ilé-iṣẹ́ ìyọ́rin kan ní Dayton ni ó bá wọn dà á. Sílíńdà mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Kò ní kàbúrétọ̀, kò sì ní púlọ́ọ̀gì bí ti òde òní: bẹntiróòlù ń kán wọ inú àwo pẹlẹbẹ kan, ooru ẹ́ńjìnnì sì ń sọ ọ́ di ooru tí iná lè ràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iṣẹ́ parí. Wọ́n dán an wò ní oṣù Kejì ọdún 1903, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, bẹntiróòlù tí ń kán sílẹ̀ mú kí àwọn ibi tí kiránkì ti ń yí há gádígádí, àpótí alumíníọ̀mù náà sì fọ́. Wọ́n tún un dà, wọ́n tún un tò. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Agbára ẹṣin 12 ni ó ń fún wọn, èyí tí ó ju ohun tí wọ́n bẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ fún lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ọkọ̀ náà gbéra ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ní Kill Devil Hills, lẹ́bàá Kitty Hawk. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 12, ẹsẹ̀ bàtà 120. Èyí ìkẹyìn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 59, ẹsẹ̀ bàtà 852. Taylor kò sí níbẹ̀. Ó wà ní Dayton, ó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn tí ó ní Orí ni ó Ni Ín

Ẹni tí ó bá ní àwọn Wright nìkan ni ó ni iṣẹ́ náà ní ẹ̀rí tí ó lágbára. Ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ni ó ń fò. Ní ọdún kan náà, Samuel Langley, ọ̀gá àgbà Ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington, ń ṣe ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fún un ní dọ́là 50,000. Ẹ́ńjìnnì tí Charles Manly parí fún un ní agbára ẹṣin 52, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́rin ti Taylor lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo jù ú. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ta ọkọ̀ náà sókè ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá àti ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1903, inú odò Potomac ni ó já sí ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìjábọ́ kejì ni ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára tó o gbé ọkọ̀ àwọn Wright sókè.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ìmọ̀ ni. Ní 1901 àwọn Wright ti kan àpótí gígùn kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì ti dán oríṣìíríṣìí ìyẹ́ kékeré wò nínú rẹ̀ títí wọ́n fi mọ èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé jù. Wọ́n ti rí i pé abẹ̀bẹ̀ tí ń fa ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan mìíràn bí kò ṣe ìyẹ́ tí ń yí, wọ́n sì ti ṣírò bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n ti mọ bí a ti ń darí ọkọ̀ nínú afẹ́fẹ́ kí ó má baà dojú dé. Ọgbọ́n ìdarí yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé àṣẹ lé lórí ní 1906. Ìwé náà kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n dá sílẹ̀. Nítorí náà, bí a bá yọ ẹ́ńjìnnì Taylor kúrò, a lè rò pé ẹlòmíràn ì bá ṣe òmíràn. Bí a bá yọ ìrònú àwọn Wright kúrò, ẹ́ńjìnnì Taylor ì bá di ohun tí ń yí ẹ̀rọ ìlọta lásán.

Ọ̀rọ̀ yìí lọ́gbọ́n nínú, kò sì yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ràn òṣìṣẹ́ fi àánú bò ó mọ́lẹ̀. Àánú kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn tí ó ní Ọwọ́ ni ó Ni Ín

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò tíì parí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà fi ara mọ́ ohun kan tí kò jóòótọ́: pé orí nìkan ni ó ń rò, pé ọwọ́ kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an ni. Ẹ wo kiránkì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àjákù ìwé tí ó wà lára ògiri lè sọ bí yóò ti gùn tó àti bí yóò ti tẹ̀ tó. Kò lè sọ bí ihò yóò ti súnmọ́ ara wọn tó kí irin má baà sán níbi tí kò yẹ. Kò lè sọ ìgbà tí ó yẹ kí òòlù rọra. Kò lè sọ bí ìró irin ti ń yí padà nígbà tí ẹnu ohun tí a fi ń fá a bá ti kú. Nínú 100 pọ́n-ùn irin, 81 ni ó ní láti kúrò, kò sì sí ẹni tí ó lè dá èyí tí a bá ti gé ṣì padà. Nídìí iṣẹ́ yìí, ìpinnu kan ń tẹ̀lé òmíràn, Taylor ni ó sì ń ṣe gbogbo wọn. Bí ìpinnu kì í bá ṣe ìrònú, kí ni à ń pè ní ìrònú?

Ó tún ku ọ̀kan. Àwọn Wright tí a ń pè ní orí, àwọn náà ní ọwọ́. Àwọn ni wọ́n fi àáké àti ọ̀bẹ gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ onípákó tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ àtààbọ̀. Nígbà tí ọ̀pá oníhò tí ń yí abẹ̀bẹ̀ náà là ní etí òkun ní oṣù Kọkànlá ọdún 1903, Orville fúnra rẹ̀ ni ó wọkọ̀ padà sí Dayton láti ṣe èyí tí kò ní ihò nínú, tí ó sì gbé e padà wá. Ohun tí ó sì mú kí wọ́n lè ronú nípa ṣéènì tí ó gbé agbára láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí ara abẹ̀bẹ̀ méjì ni pé wọ́n ti ń fi ọwọ́ bá ṣéènì kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sí orí tí ó dá wà, kò sì sí ọwọ́ tí ó dá wà. Àwọn tí ń sọ ìtàn lẹ́yìn náà ni ó ya orí sọ́tọ̀, tí wọ́n sì ya ọwọ́ sọ́tọ̀, nítorí pé ìtàn ẹni méjì rọrùn í sọ ju ti ẹni mẹ́ta lọ.

Ẹ̀bi ni Òṣùwọ̀n

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ àti ẹni tí kò ni ín? Bí a bá ní gbogbo ẹni tí ó fọwọ́ kàn án ni ó ni ín, a ó ka ẹni tí ó da alumíníọ̀mù; a ó ka ẹni tí ó wa irin nínú ilẹ̀; a ó ka ẹni tí ó se oúnjẹ fún awakùsà. Kíkà náà kò ní lópin, ìyìn tí a bá sì pín fún gbogbo ayé kò ní tó ẹnikẹ́ni í jẹ.

Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn ènìyàn ti ń lò láìmọ̀. Ẹ̀bi ni òṣùwọ̀n náà. Bí iṣẹ́ bá dára, ojú a máa wo òkè, wọ́n a máa wá ọ̀gá. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ojú a sọ̀kalẹ̀ wá sílẹ̀, wọ́n a ní: “Ta ni ó tò ó? Ta ni ó dè é?” Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1908, ní Fort Myer ní ìpínlẹ̀ Virginia, Orville ń fi ọkọ̀ wọn han àwọn ológun Amẹ́ríkà. Abẹ̀bẹ̀ kan là. Ó gbọ̀n títí ó fi lu wáyà tí ó di ìrù ọkọ̀ mú, wáyà sì já. Ọkọ̀ já lulẹ̀. Orville fara pa púpọ̀. Thomas Selfridge, ọ̀dọ́ sójà tí ó jókòó tì í, kú. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí irú ọkọ̀ òfurufú bẹ́ẹ̀ pa. Taylor wà ní pápá náà ní ọjọ́ yẹn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ọkọ̀ wà ní ipò tí ó lè fò.

Kò sí ẹ̀rí pé Taylor jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó dájú pé kò sí ẹni tí yóò wo ojú rẹ̀ ní ọjọ́ náà kí ó sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Bí ó bá jẹ́ pé bóòtù kan ni kò dè le, òun ni wọn ì bá mú. Ibí yìí ni òfin ìwà ti yọjú: ẹni tí a ó bi léèrè bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, òun náà ni a gbọ́dọ̀ dárúkọ bí iṣẹ́ bá yọrí. Kò bá ẹ̀tọ́ mu kí ènìyàn jẹ́ ọwọ́ lásán ní ọjọ́ ìyìn, kí ó wá di orí ní ọjọ́ ẹ̀bi.

Òṣùwọ̀n yìí ni ó fi òpin sí kíkà tí kò lópin. Awakùsà kò ní jẹ́jọ́ nítorí abẹ̀bẹ̀ tí ó là. Nítorí náà, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀, ibòmíràn ni a ó ti yìn ín. Ẹni tí ó da àpótí alumíníọ̀mù yóò jẹ́jọ́ bí ó bá dà á ní ìdàkudà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́jọ́ nítorí kiránkì. Bí ìpinnu ẹni ti tó nínú iṣẹ́ ni ẹ̀bi rẹ̀ tó, bí ẹ̀bi rẹ̀ sì ti tó ni ìyìn rẹ̀ tó.

A lè fi ìtàn mìíràn dán òṣùwọ̀n náà wò. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1893, Henry Ford gbé ẹ́ńjìnnì kékeré àkọ́kọ́ tí ó ṣe wọ ilé ìdáná rẹ̀ ní ìlú Detroit. Àjákù páìpù ni ó fi ṣe sílíńdà rẹ̀. Ó dè é mọ́ ibi tí a ti ń fọ abọ́, ó fa iná mànàmáná inú ilé sí i, ó sì ní kí Clara ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ méje lọ, máa kán bẹntiróòlù sí i. Ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Ṣé Clara ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà? Rárá, nítorí kò pinnu ohunkóhun nínú bí a ti kàn án. Ṣùgbọ́n òun ni ó ni apá kan nínú ìdánwò alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí bí ó bá kán bẹntiróòlù ní àkánjù, iná ì bá jó ilé. Ẹni tí ó bá sọ ìtàn ìdánwò náà láìdárúkọ rẹ̀ ti yọ òtítọ́ kù. Òṣùwọ̀n náà kò sọ gbogbo ènìyàn di ọgbọọgba. Ó kàn fi olúkúlùkù sí àyè tirẹ̀ ni.

Gbèsè tí Owó Kò Lè San

Ẹnìkan lè wá sọ pé, “Ṣebí wọ́n san owó fún Taylor? Ẹni tí ó gba owó iṣẹ́, kí ni ó tún ń wá?” Òtítọ́ ni pé àwọn Wright kò jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé wọ́n fi ìkà bá a lò. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni òṣìṣẹ́ ń fi sílẹ̀ nídìí iṣẹ́: agbára rẹ̀ àti ìpinnu rẹ̀. Owó a máa san gbèsè agbára. Agbára tí a lò lọ́sẹ̀ yìí, owó ọ̀sẹ̀ yìí ti tó o, oúnjẹ a sì dá a padà. Ìpinnu kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà lára iṣẹ́ náà títí iṣẹ́ yóò fi gbó. Orúkọ nìkan ni a lè fi san gbèsè rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn Taylor fi hàn bí gbèsè yìí ti pẹ́ tó kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí san án. Ní 1911 ó bá Calbraith Rodgers rìn nígbà tí ọkùnrin náà fò la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já, ó ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe bí ó ti ń já lulẹ̀ tí ó ń dìde. Lẹ́yìn náà ó fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀ ní California, owó náà sì ṣòfò. Nǹkan bí 1937, nígbà tí Henry Ford fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù àwọn Wright lọ sí ọgbà ìrántí tí ó kọ́ sí Dearborn, a rí Taylor níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ irin lásán ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ní Los Angeles. Ford gbà á kí ó wá tún ṣọ́ọ̀bù náà tò bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì nílé mọ irú ẹni tí ó ń wá.

Orville kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1948. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún Taylor ní dọ́là 800 lọ́dọọdún. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìtàn Taylor láti ẹnu ara rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Collier’s, ọdún 45 lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fò. Síbẹ̀, ní 1955 a bá a ní wọ́ọ̀dù àwọn aláìní ní ilé ìwòsàn; àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni ó dáwó jọ tí wọ́n fi gbé e lọ síbi tí ó sàn. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1956, ọdún mẹ́jọ géérégé lẹ́yìn Orville. Lónìí, àmì-ẹ̀yẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún mẹkáníìkì ọkọ̀ òfurufú tí ó bá ti fi 50 ọdún ṣiṣẹ́ láìlẹ́gàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, 24 oṣù Karùn-ún, sì ti di ọjọ́ tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn mẹkáníìkì náà sí níbẹ̀.

Ta ni ó jẹ gbèsè náà ní gbogbo àárín ọdún wọ̀nyẹn? Kì í ṣe àwọn Wright nìkan. Àwọn tí ó kọ ìwé ìtàn ni. Àwọn tí ó fi ìwé náà kọ́ ọmọ ni. Àwọn tí ó béèrè ìbéèrè ìdánwò tí ó gba ìdáhùn kan ṣoṣo ni. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san owó, ṣùgbọ́n olùkọ́ àti òǹkọ̀wé ni ó ń san orúkọ. Nígbà tí agbanisíṣẹ́ bá ti kú, tí òṣìṣẹ́ náà sì ti kú, ọ̀dọ̀ àwọn méjì yìí ni gbèsè náà kù sí.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá kó ọ̀rọ̀ jọ, ohun tí ó yọ níbẹ̀ kò ṣòro. Iṣẹ́ kì í ṣe ti orí nìkan, nítorí agbára ẹṣin 12 kò ní ti inú ìwé jáde. Kì í ṣe ti ọwọ́ nìkan, nítorí agbára ẹṣin 52 já sínú omi. Ti gbogbo ẹni tí ìpinnu rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ̀bi tí ó lè bà lé olúkúlùkù ni a sì fi ń mọ ìwọ̀n náà.

Ẹ̀kọ́ inú èyí kan àwọn tí yóò di olùkọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ tí a bá kọ́ pé orí nìkan ni ó ní iyì yóò máa sá fún irin, fún igi àti fún epo. Yóò gba ìwé ẹ̀rí, yóò sì máa dúró de ẹni tí yóò bá a tún fáànù tí ó bàjẹ́ nínú yàrá rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a bá kọ́ pé ọwọ́ nìkan ni ó tó yóò máa lu irin lójú kan láìní ohun tí ó fẹ́ fà yọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ara kan náà ni orí àti ọwọ́ wà, kí ó sì fi í ṣe àṣà rẹ̀, nígbà tí ó bá bi kíláàsì léèrè ẹni tí ó ṣe ohun kan, láti tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì pé: “Ta ni ó tún wà níbẹ̀?”